Ohùn Tó Wà Lábẹ́ Ohùn Teslim

Ummulkhair ló sọ ọ̀rọ̀ náà, kò sì sọ ọ́ láti dun bàbá rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ ni. Wọ́n ti ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, èrò ti túká, ìkòkò tí wọ́n yá ti padà sọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Ọmọ náà ti di ẹrù rẹ̀ tán, ó fẹ́ padà lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Ìlọrin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ó wo àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó kún ara ògiri láti ilẹ̀ dé òkè, ó ní, "Bàbá, nínú gbogbo téèpù yìí, èwo ni ohùn Màámi wà nínú rẹ̀? Ẹ fún mi ní ẹyọ kan kí n mú un dání lọ."

Teslim, bàbá rẹ̀, yíjú sí àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà.

Ẹ wo ọkùnrin tó ti ń gba ohùn sílẹ̀ láti ogún ọdún o! Ó gba ohùn òjò lórí páànù. Ó gba ohùn ọkọ̀ ojú irin nígbà tó ń kọjá ní Yaba. Ó gba ohùn àkùkọ onílé, àkùkọ lásán-làsàn! Saidat tó fẹ́ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kò gba tiẹ̀. Tó bá ti fẹ́ tan ẹ̀rọ, á ní kí obìnrin náà bọ́ síta, á ti ilẹ̀kùn, á sì fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀, nítorí pé ariwo ìkòkò àti ti sálúbàtà máa ń ba iṣẹ́ òun jẹ́. Bó bá tún jáde tán, á kọ lu àpótí ìjókòó kékeré kan tí Saidat máa ń gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, á sì pariwo pé ta ló tún gbé igi sójú ọ̀nà.

Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun á wá a. Ọmọ náà lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wá a, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kásẹ́ẹ̀tì kan tẹ̀lé èkejì. Gbólóhùn kan péré ló ń wá. Ì báà jẹ́ èébú, á fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Òjò rọ̀ sí i létí, ọkọ̀ ojú irin kọjá, àkùkọ kọ. Saidat kò sí níbẹ̀.

Bó ṣe kú kò ní àròyé nínú. Ó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ní orí ń fọ́ òun, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sì dìde mọ́. Wọ́n ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Aṣọ Teslim méjì ló wà nínú báàfù yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì yọ wọ́n kúrò nínú omi títí di ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bú ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ti ilẹ̀kùn nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1986, ilé iṣẹ́ tó ti ń to rẹ́díò ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Teslim di ẹni tó ń jókòó. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àwọn tó ń kí i ládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ó ń gbéra ga. Ọjọ́ kan ló rí ìkéde kékeré kan lẹ́yìn ìwé ìròyìn, pé ẹni tó bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ kan sípíkà nílé, tí kò sì rí ẹni bá sọ ọ́, kó kọ̀wé sí Jethro ní Oto. Ó kọ̀wé. Bó ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ẹgbẹ́ wo? Èèyàn mẹ́rin péré! Jethro fúnra rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ àlòkù. Àǹtí Margaret ní Ìdí-Àràbà, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń to ẹ̀rọ agbóhùnga onígò, irú àtijọ́ tó ń tàn bíi gílóòbù, sórí tábìlì ìjẹun rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti fi abẹ́rẹ́ wá iṣan ọmọ tuntun rí, kí ni ti òjé àti wáyà? Àmúsà, káfíńtà ní Mushin, tó fi igi ibùsùn ìyá rẹ̀ kan àpótí sípíkà. Teslim ṣe ìkẹrin. Téèpù kan ṣoṣo ló ń rìn láàárín wọn, inú àpòòwé, láti pósọ́fíìsì dé pósọ́fíìsì. Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, wàá gbọ́ ohun tí àwọn mẹ́ta yòókù sọ, wàá wá sọ tìrẹ lé abala tìrẹ àtijọ́ lórí, wàá sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn. Oṣù méjì ló ń gbà kó tó yí ká.

Jethro ló ṣe òfin. Ó ní ẹnì kan kò gbọdọ̀ lọ wo ẹnì kejì, nítorí tí a bá ti rí ilé ara wa, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹni tó lówó. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀dà téèpù náà, nítorí ẹ̀dà máa ń ba adùn ohùn jẹ́. Tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, o ò gbọdọ̀ dá ẹ̀rọ dúró lágbede méjì, torí á dún gbì! nínú sípíkà, ohunkóhun tó bá wọlé, jẹ́ kó wọlé. Kò sí òfin pé kí èèyàn má gbọ́ abala ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe irú rẹ̀? Ojú á tì ọ́.

Ẹ̀rín tí Teslim rín pẹ̀lú téèpù yẹn láàárín ọdún mẹ́ta, kò rín ìdajì rẹ̀ láyé rẹ̀ rí. Odindi oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jiyàn lórí bóyá òwú ló yẹ kí wọ́n kì sínú àpótí sípíkà tàbí àkísà. Àǹtí Margaret gé bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì sí wẹ́wẹ́, ó kì í bọ̀ ọ́, ó sì mí kanlẹ̀ lórí téèpù pé, "Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí, mo ti borí yín." Teslim rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, nínú yàrá tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa.

Àbùkù kan ló wà lára ẹ̀rọ Teslim. Irin kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tó máa ń pa ohùn àtijọ́ rẹ́ kí tuntun tó wọlé. Tirẹ̀ ti jẹ. Kì í pa á rẹ́ tán. Nítorí náà, bí Teslim bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n á tún máa gbọ́ ọ lábẹ́, ní ohùn tínńrín, níbi tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ oṣù méjì sẹ́yìn. Àmúsà kò jẹ́ kó sinmi. "Ẹ̀gbọ́n, èèyàn méjì ló ń sọ̀rọ̀ nínú yín o, ẹyọ kan péré ló sì gbọ́n."

Ọjọ́ kejìlá tí wọ́n sin Saidat ni téèpù náà dé láti Oto. Jethro fi irin kékeré kan sínú bébà mọ́ ọn, ó kọ ọ́ sí i lára pé, "Mo yọ ọ́ lára ẹ̀rọ àlòkù kan. Fi pààrọ̀ tìrẹ, kí etí wa lè sinmi."

Teslim jókòó, ó gbọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn ò tíì mọ̀ pé Saidat ti kú. Àǹtí Margaret sọ tiẹ̀ tán, ó ní, "Teslim, rí i pé ò ń jẹun o." Àmúsà sọ tiẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹun?" Jethro tí kì í ṣe àwàdà, òun náà fi kún un lẹ́yìn ọ̀rọ̀ pé, "Ọ̀gbẹ́ni, lọ jẹun." Inú bí Teslim. Irú eré wo lèyí? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, kò tíì jẹ ju ẹ̀kọ tútù lọ, wọ́n wá ń fi oúnjẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Kò tilẹ̀ ronú pé kí ló dé tí ẹni mẹ́ta fi sọ ohun kan náà.

Ó ní ọ̀rọ̀ ikú Saidat, òun ò ní jẹ́ kí ìsọkúsọ kankan wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tú ẹ̀rọ náà. Ó yọ irin tó ti jẹ, ó fi òjé jó tuntun síbẹ̀, ó fi sípírítì nu ún, ó tò ó padà. Ara tù ú díẹ̀. Ó yí téèpù sí nọ́ńbà tí abala tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́ ọ, nítorí kí ló fẹ́ fi ohùn ara rẹ̀ ṣe? Ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ bọ́tìnnì pupa, ó sì sọ fún wọn pé Saidat, ìyàwó òun, ti lọ. Ogún ìṣẹ́jú ló fi sọ ọ́. Ó sunkún nínú rẹ̀. Kò dá ẹ̀rọ dúró.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, téèpù padà wá. Ẹnu ya Teslim, nítorí ó yẹ kó ti Ìdí-Àràbà lọ sí Mushin ni. Àǹtí Margaret ló fi ránṣẹ́ padà sí i tààrà. Ó tan ẹ̀rọ. Obìnrin náà ló ń sọ̀rọ̀.

"Teslim, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn o. Olúwa á tù yín nínú, ìwọ àti Ummul. Ohun kan wà tí a fi pamọ́ fún ọ, ìyàwó rẹ ló ní kí a má sọ. Nínú abala tó o sọ ṣáájú èyí, ẹnì kan ké sí ọ lẹ́nu ọ̀nà, o dìde lọ dá a lóhùn, o sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní títan. Ìyàwó rẹ wọlé wá bá wa sọ̀rọ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti kú, mo ní ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀rọ jákujàku tí Teslim ń lò, á ṣì wà lábẹ́. Mo ti ń gbọ́ ọ láti àná. Mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè dé òpin. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Teslim. Ó mọ́ tónítóní. Ṣé o ṣe ẹ̀rọ yẹn ni?"

Yéè! Ara Teslim bù máṣọ. Ó rántí ọjọ́ náà. Onílé ló ké sí i nípa omi, ìṣẹ́jú mélòó kan ló sì fi jáde. Nígbà tó padà, Saidat wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ó bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín, ó ní kò sí.

Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níbi tó ti ń sọ pé Saidat ti kú, ó ń wá Saidat lábẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó gbọ́ ọ lógún ìgbà. Kódà, ó tú ẹ̀rọ náà, ó wá irin àtijọ́ lọ sínú àkìtàn, ó jó o padà síbẹ̀, bí ẹni pé irin tó ti jẹ lè pọ ohun tí tuntun ti gbé mì. Ẹni tó ń tún rẹ́díò ṣe láti ọmọ ogún ọdún, ó mọ̀ pé òmùgọ̀ lòun ń ṣe. Ó ṣe é síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé orí lé tábìlì, ó sì ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ pé kó máà bínú.

Láti ọjọ́ yẹn, kò jẹun mọ́. Ìyá Àlíyù tó ń gbé yàrá kejì gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, ó tún wá gbé e bó ṣe wà. Ṣòkòtò ń já sílẹ̀ nídìí rẹ̀. Lẹ́tà dé láti Ìlọrin, Ummulkhair ń béèrè pé ṣé wọ́n ti rí téèpù Màámi. Báwo ni yóò ṣe kọ ọ́, pé òun fọwọ́ ara òun pa á rẹ́, kí iṣẹ́ òun lè mọ́?

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Wọ́n tún kàn án, ẹnì kan sì ní, "Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n."

Teslim dìde. Ó mọ ohùn yẹn. Inú sípíkà nìkan ló ti ń gbọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta, ohùn ńlá, tó máa ń mi gíláàsì ojú fèrèsé. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wo òkè, kò rí ẹnì kankan. Ó wo ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú kan ló dúró níbẹ̀, tí kò ga ju abíyá Teslim lọ.

"Ìwọ ni Àmúsà?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má wò mí báyẹn."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin gíga kan tó tẹ̀ díẹ̀ léjìká, tó di fìlà mú sí àyà, tí kò gbójú sókè. Jethro nìyẹn. Obìnrin kan tó ti hewú sì gbé kúlà oúnjẹ sí ìbàdí, ó ti ń bọ́ bàtà kí ẹnikẹ́ni tó ní kó wọlé. Àǹtí Margaret ló kọ̀wé sí àwọn yòókù pé òfin ti tó gẹ́ẹ́. Wọ́n jókòó sáàárín àwọn kásẹ́ẹ̀tì. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n ó fojú sí, nítorí gbogbo wọn ló mọ ara wọn dénú, ojú wọn nìkan ni wọn ò mọ̀.

Jethro ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Teslim, èmi ni mo fi irin yẹn ránṣẹ́. Èmi náà ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ẹ̀dà. Bí kì í bá ṣe èmi ni, ohùn rẹ̀ ì bá wà nínú ilé mẹ́ta lónìí."

"Ẹ̀yin kọ́, ẹ̀gbọ́n," ni Teslim wí. "Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ bọ́tìnnì." Ó gbé ojú sí Àǹtí Margaret. "Kí ló sọ?"

"Ó kí wa," ni Àǹtí Margaret wí. "Ó ní, 'Ẹ ń lẹ́ o, ẹ̀yin ará inú téèpù. Èmi ni Saidat, ìyàwó rẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé mo wọlé o, á bá mi jà.'"

"Ó wá rẹ́rìn-ín," ni Àmúsà wí.

"Kò tíì rẹ́rìn-ín," ni Jethro wí. "Lẹ́yìn èyí ló rẹ́rìn-ín."

"Èwo ni lẹ́yìn èyí?"

Àwọn mẹ́ta wo ara wọn. Àǹtí Margaret mi orí fún Jethro pé kó má sọ ọ́. Teslim rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Ẹ̀yin mẹ́ta gbọ́ ọ, èmi tí mo fẹ́ ẹ kò gbọ́ ọ. Ẹ má ṣẹ́ ẹ kù."

Jethro yí fìlà rẹ̀ po. "Ó ní òun ò mọ̀ wá, ṣùgbọ́n òun fẹ́ràn wa, nítorí o kì í bá òun rẹ́rìn-ín mọ́ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó ní tó o bá ti ti ilẹ̀kùn, òun máa ń gbé àpótí sẹ́yìn rẹ̀, òun á jókòó, òun á máa gbọ́ ọ bó o ṣe ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti máa ń gba ìpín tòun nínú ẹ̀rín náà. Ìgbà náà ló wá rẹ́rìn-ín."

Teslim wo ẹnu ọ̀nà. Àpótí náà ṣì wà níbẹ̀, níbi tó ti ń kọ lù ú láti ọdún mẹ́ta, tó ń fi èébú gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti rò pé ibẹ̀ ni Saidat ti máa ń ṣa ẹ̀fọ́.

"Ó ku ìkan," ni Àǹtí Margaret wí. Ó ti ń ṣí kúlà náà, òórùn ìrẹsì àti ẹja gba yàrá. "Ó rán wa níṣẹ́. Ó ní, 'Tó bá ti dé ìdí ẹ̀rọ yìí, kì í rántí oúnjẹ. Bí mi ò bá sí nílé, ẹ bá mi sọ fún un kó jẹun. Ẹ̀yin ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.' A ti sọ ọ́ lórí téèpù, bí àwàdà. A ò mọ̀ pé kò sí nílé lóòótọ́." Ó bu ìrẹsì sínú abọ́, ó na abọ́ náà sí i. "Teslim, Saidat ní kó o jẹun."

Teslim gba abọ́ náà. Kò jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí. Ó rìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó lórí àpótí kékeré náà, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ní kí Àmúsà bá òun ti ilẹ̀kùn.

Àmúsà tì í.

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ wọn nínú yàrá, ohùn mẹ́ta tó ń rọra sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ dáadáa, aṣọ tó fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn ò jẹ́. Ó yọ aṣọ náà kúrò. Lẹ́yìn náà ló bu ìrẹsì sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, ó ń sunkún, títí abọ́ fi tán.